Ta Ló Ní Kí N Ju Mówà Bàbá Mi Nù?

Ọmọ Rélùwéè, Súrùlérè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àríyànjiyàn kan ṣẹlẹ̀ nílé mi ní Sátidé tó kọjá, kò sì tíì tán títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Lórí mówà, ẹ̀rọ tí a fi ń gé koríko, ni. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ tèmi, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí náà sọ tirẹ̀.

Mówà tí mo ń sọ kì í ṣe èyí tí àwọn ọmọkùnrin máa ń gbé kọ́ èjìká kiri àdúgbò, tó máa ń pariwo bí ọ̀kadà tí sáléńsà rẹ̀ já. Tèmi kò ní éńjìnnì. Kò mu epo, kò mu iná. Táyà irin méjì ló ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láàárín wọn ni irin márùn-ún wà tí wọ́n lọ́ bí ìwo àgbò, ọ̀pá igi gígùn sì wà lẹ́yìn tí èèyàn á fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Bí o bá ti ń tì í, táyà á máa yí àwọn irin náà, wọn á máa kó koríko lọ bá irin pẹlẹbẹ kan tó wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti rẹ́ ẹ bí ẹni fi àlùmọ́gàjí rẹ́ aṣọ. Ìró rẹ̀ ni ṣìrìrìrì, ṣìrìrìrì. Ẹni tó bá gbé kọ́ńpáàǹdì Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta rí á ti máa gbọ́ ọ létí báyìí.

Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ibi tí wọ́n ti ń tún orí ọkọ̀ ojú irin ṣe ni bàbá mi ti ṣiṣẹ́, wọ́n sì ra mówà náà lọ́wọ́ ọ̀gá kan tó ń kó kúrò ní kọ́tàsì nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńpáàǹdì yẹn fẹ̀. Igi ńláńlá wà níbẹ̀, ibòji wà, koríko sì wà. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe rí, ẹ lọ wo Jaekel House níbẹ̀ lónìí, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tí Legacy, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, tún ṣe, tí wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ Rélùwéè sí.

Sátidé ni ọjọ́ mówà. Kí oòrùn tó mú, bàbá mi á ti gbé e jáde, wọ́n á dojú rẹ̀ dé sórí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n á kán ọ́ìlì sí etí táyà méjèèjì. Lẹ́yìn náà, wọ́n á ya ìwé ìròyìn ní tẹ́ẹ́rẹ́, èmi á di ìwé náà mú kó wọ àárín irin, wọ́n á wá fi ọwọ́ yí táyà díẹ̀díẹ̀. Bí ìwé bá já geere, iṣẹ́ yá. Bí ó bá ká láìjá, wọ́n á fi sípánà fún nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ kan díẹ̀, kò ní ju ìdá mẹ́rin yíyí kan lọ, a ó tún dán an wò. "Yọ ìka ẹ o," ni wọ́n máa ń sọ fún mi ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé mo lè gbàgbé. Mo tún ń rí ìka tiwọn náà: dúdú ọ́ìlì ti wọ abẹ́ èékánná wọn, ọṣẹ kankan kò lè mú un kúrò.

Ní báyìí, koríko tó wà níwájú ilé mi ní Súrùlérè kò ju yàrá méjì lọ. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin ra mówà tuntun elépo fún mi. Ó ṣe dáadáa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà ṣe fún un. Ẹ̀rọ yẹn gé koríko lẹ́ẹ̀mẹrin, ó dákẹ́. Mo fa okùn rẹ̀ títí apá fi ń ro mí. Mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti rà á. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ kò tilẹ̀ ṣí i wò, ó ní owó àtúnṣe rẹ̀ máa sún mọ́ owó tuntun, kí n kúkú ra òmíràn. Ẹ̀rọ tí kò tíì pé ọdún kan! Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra.

Ni mo bá lọ wọ́ mówà bàbá mi jáde lẹ́yìn ilé. Ìpata ti bò ó lóòótọ́. Ọmọ mi rí i, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ḿù gbé nǹkan yìí lọ jàre." Ìyá rẹ̀ gbè é lẹ́yìn. Àwọn ará ilé kejì gbọ́ ariwo wa, wọ́n yọjú, ilé sì pín sí méjì: àwọn kan ní kí n tà á, àwọn kan ní kí n tọ́jú rẹ̀. Tèmi ni pé ohun tí mo lè fi sípánà kan tú, tí mo lè tò padà lórí àpò sìmẹ́ńtì, tí mo sì mọ iṣẹ́ irin kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, mi ò rí ìdí tí màá fi pè é ní kọ̀ǹdẹ́ḿù.

Ẹ bá wa dá sí i.


Ìyá Ìbejì, Ọbáléńdé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrántí bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ẹ má bínú o, mo fẹ́ ta kò yín díẹ̀.

Irú mówà yẹn ni bàbá tèmi náà lò, àmọ́ kì í ṣe tiwọn. Gádínà ni wọ́n ní Ìkòyí, bọ́ìsì kọ́tàsì tó wà lẹ́yìn ilé ọ̀gá wọn ni wọ́n ti bí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Kì í ṣe koríko yàrá méjì o. Láti ẹnu géètì dé etí omi ni, àwọn ọmọ ọ̀gá sì lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ kó máà kan ògiri. Lásìkò òjò, koríko Ìkòyí kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ gé e lónìí, lọ́jọ́ karùn-ún ó ti tún yọrí. Mówà yín yẹn kò sì lágbára koríko tó bá ti ga. Ẹ ò sọ ìyẹn, ẹ̀gbọ́n! Bí koríko bá ti kọjá kókósẹ̀, ńṣe ló máa ń wólẹ̀ fún irin náà, tí irin bá kọjá tán, á tún dìde. Bàbá mi á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi àdá gé e sílẹ̀, kí wọ́n tó wá ti mówà kọjá lórí rẹ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lórí ilẹ̀ kan náà.

Ohun tí mo rántí nípa ìró rẹ̀ yàtọ̀ sí tiyín. Mo máa ń gbọ́ ṣìrìrìrì, màá sì gbọ́ mímí bàbá mi láàárín rẹ̀. Tí ṣìrìrìrì bá dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyá mi á ní kí n lọ wò wọ́n bóyá kò sí nǹkan. Lálẹ́, ìyá mi á gbé òrí sínú páànù kékeré, á yọ́ ọ lórí sítóòfù, á fi ra èjìká wọn àti àtẹ́lẹwọ́ wọn. Àtẹ́lẹwọ́ yẹn le bí awọ bàtà. Tí wọ́n bá gbá mi létí díẹ̀ ní eré, ó máa ń họ mí.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó ọ̀gá ra mówà elépo àkọ́kọ́, mo wà lórí àkàsọ̀ ẹ̀yìn kíṣìnnì. Wọ́n fa okùn lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbá. Bàbá mi kàn ń rìn tẹ̀lé e ni, bí ẹni ń fa màlúù lọ sọ́jà. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ tí wọ́n ń súfèé lẹ́nu iṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n, tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ohun àtijọ́ dára, mo máa ń bi í pé ta ló ń tì í. Ẹ má jù ú nù o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti irin tirẹ̀ níwájú ilé tirẹ̀, ó ní ẹ̀tọ́ kó fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ yín, ẹ fi òógùn kún un.


Mẹkáníìkì kan, Ládípọ̀

Bàbá, ẹ káàsán. Mówà tuntun yín yẹn kò kú. Mi ò tíì rí i, mo kàn mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe mọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ èyí tí wọ́n ń gbé wá bá mi, kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ atẹ́gùn kó tó jó, ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èèyàn á gé koríko tán ní ìparí òjò, á gbé ẹ̀rọ sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú epo nínú táǹkì. Ọ̀gbẹlẹ̀ á dé, koríko kò hù mọ́, ẹ̀rọ á wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, mẹ́rin. Epo bẹntiróò tó bá jókòó pẹ́ báyẹn á máa ki, á di bí oje igi, á sì dí ihò jẹ́ẹ̀tì. Ihò yẹn kéré débi pé irun búrọ́ọ̀ṣì ni mo fi ń là á. Tí òjò bá wá padà, ẹ fa okùn títí dọ̀la, epo kò ní ráyè débi tó ti máa jó. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á tú kábúrétọ̀, á fọ̀ ọ́, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tán. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní kí ẹ ra tuntun. Ìkejì ni wọ́n ṣe fún yín ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ gbé mówà pamọ́, ẹ ti ibi tí epo ti ń jáde nínú táǹkì pa, ẹ jẹ́ kó jó èyí tó kù nínú kábúrétọ̀ tán kó fúnra rẹ̀ kú.

Ohun kejì tó ń pa wọ́n ni ọ́ìlì. Gbogbo wa la mọ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", tí a máa ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Tú-sítíróòkì nìyẹn. Mówà mìíràn wà tó jẹ́ tú-sítíróòkì, òmíràn jẹ́ fọ́ọ̀-sítíróòkì tó ní ilé ọ́ìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo fọ́ọ̀-sítíróòkì, èéfín funfun á bo àdúgbò, pọ́lọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Ẹni tó wá fi epo lásán sínú tú-sítíróòkì, kò ní gba ìṣẹ́jú púpọ̀ tí písítìnnì á fi lẹ̀ mọ́ ilé rẹ̀. Ìyẹn ti di òkú ẹ̀rọ lóòótọ́.

Ìrírí tèmi rèé. Wọ́n gbé mówà elépo kan wá lọ́jọ́ kan, mo tún un ṣe, mo ní kí n dán an wò lórí koríko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́ wa. Mi ò ṣa ilẹ̀. Abẹ irú mówà yẹn máa ń yí nǹkan bí 3,000 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan, kì í rẹ́ koríko bí tiyín, ńṣe ló ń gbá a já. Ó gbá òkúta kan tí kò ju èkùrọ́ lọ. Mi ò rí i nígbà tó fò, mo kàn gbọ́ gbàà! Gíláàsì ẹ̀yìn Camry oníbàárà mi ti di iyẹ̀pẹ̀. Èmi ni mo san án. Láti ọjọ́ náà, mi ò kí ń tan mówà kí n máà kọ́kọ́ rìn ká ilẹ̀, mi ò sì kí ń jẹ́ kí ọmọdé dúró nítòsí. Ní ti èyí, mówà bàbá yín sàn ju tuntun lọ. Òkúta tó bá wọ̀ ọ́ á kàn há ni.

Ní ti ìpata yẹn: ẹ ra páàstì tí àwa mẹkáníìkì fi ń lọ fáàfù, agolo kékeré ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ẹnu irin máràrùn-ún. Ẹ wá fi sípánà mú orí ọ̀pá àárín, kí ẹ máa yí i SẸ́YÌN, ẹ má yí i síwájú o, títí ẹnu irin á fi máa dán láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ páàstì kúrò pátápátá, ẹ kán ọ́ìlì sí i. Ó ṣeé ṣe kí bàbá yín ti máa ṣe é, kí ẹ kàn má mọ orúkọ rẹ̀ ni.


Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Àkọ́kà

Ẹ̀yin ọmọ mi, inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí. Ìtàn ni mo kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún tó pọ̀, ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un.

Ẹni tó ṣe mówà àkọ́kọ́ ni Edwin Budding, ará Stroud ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1830. Aṣọ onírun àgùntàn ni wọ́n ń hun lágbègbè yẹn, ẹ̀rọ kan sì wà tí wọ́n fi ń fá irun tó bá dúró lórí aṣọ kí ojú rẹ̀ lè jọ̀lọ̀. Budding wo ẹ̀rọ yẹn, ó ní bó bá lè fá aṣọ, ó lè fá ilẹ̀. Irin márùn-ún tó lọ́ bí ìwo àgbò lára mówà bàbá Ọmọ Rélùwéè, láti ibi aṣọ ni wọ́n ti wá! Nígbà tó fi sọ pé ó dà bí ẹni fi àlùmọ́gàjí rẹ́ aṣọ, mo rẹ́rìn-ín, torí pé ó bọ́ sí i láìmọ̀. Kí mówà tó dé, dòjé tó ní ọ̀pá gígùn ni wọ́n fi ń gé koríko níwájú ilé àwọn ọlọ́lá, tàbí kí wọ́n tú àgùntàn sí i kó jẹ ẹ́.

Mo fẹ́ kí Ìyá Ìbejì fetí sí èyí. Nínú ìwé tí Budding fi gba ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé tí àwọn ọlọ́lá ìgbèríko bá ń fúnra wọn lo ẹ̀rọ náà, wọ́n á rí i bí eré àti ìdárayá tó ń ṣe ara lóore.

Ní ti èmi, mówà kọ́ ni mo rántí. Làǹgàlàǹgà ni. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan ni, pẹlẹbẹ, tí wọ́n tẹ̀ ní ìdí. Kò ní èèkù, a máa ń fi àkísà tàbí tíúùbù kẹ̀kẹ́ we ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Ó wà nínú ìwé ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú wọ bọ́dìn: bọ́kẹ́ẹ̀tì, ìgbálẹ̀, làǹgàlàǹgà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ilé ìwé, pọ́ṣọ̀n tirẹ̀ ti ń dúró dè é. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ fún ọ, ẹsẹ̀ mẹ́wàá síbí, ẹsẹ̀ mẹ́wàá sọ́hùn-ún, o kò ní wọ kíláàsì títí o fi gé e tán. Ọwọ́ kan ló ń ju làǹgàlàǹgà, ìkejì á wà lẹ́yìn, ara á tẹ̀, wọ́n á máa ju ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ sí ara wọn. Ẹ ò lè gbàgbé òórùn koríko tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé láàárọ̀. Nígbà tí èmi náà di olùkọ́, mo pín pọ́ṣọ̀n fún ọmọ púpọ̀. Ọ̀kan nínú wọn gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níṣojú mi. Ó jinná, ó sì ti di bàbá ọlọ́mọ, ó ṣì máa ń wá kí mi. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi koríko jẹ ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ lásán níyà mọ́, ẹni tí kò bá ní bàtà tó bo ẹsẹ̀, kó gbálẹ̀.

Ohun tí àárò rẹ̀ sọ mí jù ni Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, aago méje sí mẹ́wàá, tí gbogbo Èkó máa ń dúró sílé tún àyíká ṣe títí ìjọba fi dá a dúró ní 2016. Mo mọ̀ pé ó ń bí àwọn oníṣòwò nínú, wọn ò sì jẹ̀bi. Síbẹ̀, ọjọ́ yẹn nìkan ni gbogbo ojúlé àdúgbò wa ń rí ara wọn, ti àdá ti ọkọ́, tí a ń yá ara wa ní bárò.


Ọmọ Pópó Àgùdà, Ìsàlẹ̀ Èkó

Mówà lẹ ń jà lé lórí. Ilé ni àwa pàdánù. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ilojo Bar ní Tinúbú, ilé àtijọ́ àwọn Àgùdà tí wọ́n tún ń pè ní Casa do Fernandez, mọ ohun tí mo ń sọ. 1855 ni wọ́n kọ́ ọ, wọ́n kéde rẹ̀ ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n sì wó o palẹ̀ lóṣù Kẹsàn-án 2016. Mo gba ibẹ̀ kọjá lẹ́yìn náà, òkìtì àlàpà ni mo bá. Mo mú àfọ́kù kan tí kò ju ìkúùkù lọ, ó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi di òní. Ọmọ mi bi mí pé kí ni. Mo ní ilé ni. Ó wò mí.

Bàbá Rélùwéè, ẹ má tà á.


Ìyá Aránṣọ, Yábàá

Ẹ̀yin ará mi, èmi ní méjì láti sọ, ọ̀kan wà fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan wà fún Ìyá Ìbejì.

Máṣíìnì Singer dúdú tí ìyá mi fi tọ́ wa, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣì ń fi í ránṣọ. Mo ní oníná méjì tó yára ju ú lọ. Tí iná ọba bá lọ, tí epo kò sì sí nínú jẹ́nẹ́, oníná méjèèjì á di tábìlì. Mo kàn máa sún àga mi lọ síbi ti ìyá mi ni, màá gbé ẹsẹ̀ lé e, iṣẹ́ á máa lọ. Bẹ́líìtì awọ rẹ̀ nìkan ni mò ń pààrọ̀, ọ́ìlì rẹ̀ kò sì wọ́n. Ní ọdún tí aṣọ ìgbéyàwó mẹ́ta kó sọ́rùn mi lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo, tí iná kò dé rárá, òun ló gbà mí lọ́wọ́ ìtìjú.

Áyọ́ọ̀nù eléèédú ìyá mi ńkọ́, tó ní àkùkọ lórí? Mo ti gbé e fún oníkọ̀ǹdẹ́ḿù tipẹ́tipẹ́, mi ò sì bojú wẹ̀yìn. Ìpépé iná fò jáde látinú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sórí léèsì oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán tán. Ihò kékeré kan báyìí, bí ojú abẹ́rẹ́ ńlá. Mo sunkún. Owó léèsì yẹn gba gbogbo èrè mi oṣù méjì. Ẹni tó bá fẹ́ràn áyọ́ọ̀nù eléèédú, kó wá fi lọ aṣọ tirẹ̀.


Àbúrò yín, Lẹ́kkí

Mo kí gbogbo àgbà. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, mo ta mówà elépo mi, mo ra oníbátìrì. Oòrùn ló ń gba agbára fún un nípasẹ̀ sólà tó wà lórí òrùlé wa. Bátìrì kan ń gé gbogbo iwájú ilé tán, kò sí èéfín, mi ò sì fa okùn kankan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọmọ mi tó jẹ́ oṣù mẹ́rin ń sùn ní yàrá iwájú, mo gé koríko lábẹ́ fèrèsé rẹ̀, kò jí. Bí Bàbá Rélùwéè ṣe ń ṣàpèjúwe ìdákẹ́jẹ́ ẹ̀rọ tiwọn, mo rí i pé ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ràn nínú tèmi. Tuntun ni mo dúró tì, ẹ jọ̀ọ́, àmọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ta ti àtijọ́ yẹn, kí wọ́n kọ́kọ́ pè mí.


Ìyá Ìbejì, Ọbáléńdé

Ìyá wa olùkọ́, mo ka ti Budding yẹn fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lórí fóònù. Ó dákẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Ìdárayá ọlọ́lá." Ó ní kí n tún un kà. Bàbá wa ò ka ìwé, wọn ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ rí. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ ṣé gan-an. Mo sì bínú sí Budding díẹ̀.


Ọmọ Rélùwéè, Súrùlérè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ jẹ́ n sọ ibi tí a bá a dé.

Mo ra páàstì fáàfù bí mẹkáníìkì wa ṣe wí. Bí mo ṣe ṣí agolo rẹ̀ báyìí, òórùn rẹ̀ gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Èbúté Mẹ́ta. Bàbá mi ń ṣe é lóòótọ́! Wọ́n máa ń mú nǹkan dúdú kan bọ̀ láti ibi iṣẹ́ nínú agolo mílíìkì, mo rò pé gíríìsì ni. Mo yí irin náà sẹ́yìn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìpata ṣí kúrò, funfun irin sì ń jáde díẹ̀díẹ̀ ní ẹnu rẹ̀.

Ọmọ mi jókòó, ó ń wò mí, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo ya ìwé ní tẹ́ẹ́rẹ́, mo nà án sí i. Ó di ìwé mú. Ìwé àkọ́kọ́ ká. Mo fún nọ́ọ̀tì ọ̀tún. Ìkejì já láàbọ̀. Ìkẹta já geere láti etí dé etí, ó sì ní kí a tún ṣe òmíràn.

Ohun tí Ìyá Ìbejì sọ ṣẹ. Koríko wa ti ga láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí a fi ń jiyàn yìí, ńṣe ló ń wólẹ̀ tó sì ń dìde. Ọmọ mi tú kábúrétọ̀ mówà tuntun, ó fọ̀ ọ́, ó fa okùn, ó gbá ní ẹ̀ẹ̀kejì. Òun ló fi tuntun gé gíga sílẹ̀, lẹ́yìn tó ti ṣa òkúta kúrò nílẹ̀, èmi sì fi ti bàbá mi tẹ̀ lé e. A ò sọ ta ló borí. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ilẹ̀ náà dán bí orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá.

Mo tì í lọ-bọ̀ ní ìgbà mẹ́rìnlélógún, mo kà á. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó níbi méjì. Mo sọ ìtàn bàbá Ìyá Ìbejì fún ọmọ mi nígbà tí a ń fọ ọwọ́, mo sì ti ní kí wọ́n bá mi yọ́ òrí díẹ̀.

Mẹkáníìkì wa, ìbéèrè kan ló kù. Ojú nọ́ọ̀tì ẹ̀gbẹ́ òsì ti jẹ, sípánà ń yọ̀ lórí rẹ̀. Irú tí wọ́n ń lò láyé ọjọ́un ni, nọ́ọ̀tì ìsinsìnyí kò wọ̀ ọ́. Ṣé ẹni tó lè gé e tuntun fún mi wà ní Ládípọ̀, kí n mú èyí tó ti jẹ wá fún àwòṣe lọ́jọ́ Tuesday?